Ẹni Tí Ó Ń Sọ Ìtàn Ilẹ̀ Ni Ó Ń Jogún Ilẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin àgbẹ̀ Òkè-Ògùn tí ẹ mọ ìwé kà, ẹ̀yin ará Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, Òkèhò àti Òtù, Ìgbòho, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn wa tí a kò lè ṣàì bá yín sọ.

Ẹ pe ọmọ ọdún méjìlá kan nínú agbo ilé yín, kí ẹ ní kí ó sọ ìtàn ẹlẹ́ṣin kan fún yín. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ni yóò sọ. Òyìnbó kan ni yóò sọ, tí ó dé fìlà elétí gbọọrọ, tí ó so ìbọn kúkúrú mọ́ ìbàdí, tí ó ń sáré lórí ọ̀dàn Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá sì ní kí ó sọ ìtàn ìfẹ́, ti ọmọbìnrin tí ìyàwó bàbá rẹ̀ sọ di ẹrú ìdí ààrò, tí bàtà kan ṣoṣo sì sọ di ìyàwó ọmọ ọba, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Cinderella, ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Ọmọ náà kò ṣẹ̀. Ohun tí a bá gbé ka iwájú ọmọ ni ọmọ ń jẹ. Àwa àgbà tí a gbé oúnjẹ ará òkèèrè ka iwájú rẹ̀, tí a sì jẹ́ kí tiwa kan nínú ìṣaasùn, àwa ni a jẹ̀bi.

Ẹnìkan lè wí pé: “Àgbẹ̀ ni wá. Ọ̀nà oko kò dára, ajílẹ̀ gbówó lórí, ẹran ń jẹ oko wa. Kí ni ti ìtàn ẹlẹ́ṣin nínú èyí?” A bẹ̀ yín, ẹ ní sùúrù kí ẹ kà á dé òpin. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a ń sọ, kò sì sí àgbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò kàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe. Ní ọdún 1862, ìjọba wọn ṣe òfin kan tí ó fi eékà ilẹ̀ 160 fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè gbé orí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún kí ó sì dáko síbẹ̀, pàápàá ní ìhà ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Lójú tálákà tí kò ní ilẹ̀, òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ní olúwa. Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ti ń ṣọdẹ ẹfọ̀n lórí ọ̀dàn náà kí òyìnbó tó dé ni wọ́n ni ín. Ìjọba bá wọn dá májẹ̀mú, ó sì dà á. Ó bá wọn jagun, ó sì borí wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1890, ní ibi tí a ń pè ní Wounded Knee, àwọn ọmọ ogun ìjọba yìnbọn pa àwọn ará Lakota, tọkùnrin, tobìnrin, tọmọdé. Ó kéré tán, àwọn tí ó kú tó 150.

Kí ni wọ́n wá ṣe lẹ́yìn èyí? Wọ́n sọ ọ́ di ìtàn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé olówó pọ́ọ́kú, wọ́n yà á sí sinimá, wọ́n sì fi ìfẹ́ sí i kí ó lè dùn. Wọ́n gbé ọmọbìnrin ìdí ààrò gun ẹṣin, wọ́n sọ ọmọ ọba di olówó ẹran, wọ́n sọ ààfin di ilé onípákó tí ó dá dúró lórí ọ̀dàn. Títí di òní ni àwọn òǹkọ̀wé wọn ń mú àlọ́ àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n ń tún un pa lórí pápá náà, tí wọ́n sì ń tà á káàkiri ayé. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn wọ̀nyí, onílẹ̀ ni ó di ọ̀tá, ẹni tí ó gba ilẹ̀ ni ó sì di akọni. Ìbọn ni ó gba ilẹ̀ náà. Ìtàn ni ó fọ ọwọ́ ìbọn mọ́.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Àwọn òpìtàn Amẹ́ríkà fúnra wọn ti wí pé ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú mẹ́rin àwọn darandaran ẹlẹ́ṣin tí a ń pè ní kọ́bọ́ì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Bass Reeves, ẹni tí a bí sínú oko ẹrú ní ọdún 1838, di agbófinró ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1875, ó sì lo ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n lórí ẹṣin tí ó ń mú àwọn ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo sinimá ayé àtijọ́ wọn láti òkè dé ilẹ̀, ẹ kò ní í sábà rí irú rẹ̀ kí ó jẹ́ olórí eré. Ẹni tí kò bá sí nínú ìtàn, lójú aráyé, kò sí níbẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe yọ ẹni tí ó wà níbẹ̀ kúrò nìyẹn. Kí ni wọn kì yóò ṣe sí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn?

Ìtàn náà kò sì dúró sí òkun wọn. Láàrin ọdún 1950 sí 1960, ní ìlú Léopoldville tí a ń pè ní Kinshasa lónìí, àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í múra bí kọ́bọ́ì, wọ́n sì ń pe ara wọn ní Bills, nítorí òyìnbó kan tí ń jẹ́ Buffalo Bill tí wọ́n rí nínú sinimá. Ní Ìbàdàn àti Èkó náà, fíìmù kọ́bọ́ì wọ́pọ̀ ní ilé sinimá ní àkókò kan náà, àwọn ọmọ wa sì ń pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹ ro ó wò. Àwọn ọmọ tí ará òkèèrè ń jẹ gàba lé bàbá wọn lórí, àwọn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀! Kò sí ẹni tí ó fi pàṣán lé wọn síbẹ̀. Owó ọwọ́ wọn ni wọ́n fi san án.

Njẹ́ kí ni àwa kò ní? Ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ń fi ìtàn wọn pè. Àwa náà ni a ń pè ní Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà títí di ọdún 1967. Bí ọ̀dàn ni wọ́n fẹ́, láti ẹ̀yìn Ìsẹ́yìn títí dé Kìṣí, ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Igi ẹmì àti igi igbá dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, koríko ga ju ènìyàn lọ nígbà òjò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn iná a sì jó o tán, àwọn òkè àpáta a yọ bí erin tí ó dùbúlẹ̀. Irú ilẹ̀ báyìí ni ẹṣin lè gbé, nítorí pé eṣinṣin tí ń fi àrùn pa ẹṣin nínú igbó kìjikìji kò pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé Ọ̀yọ́ ni ó fi ẹṣin di alágbára, tí kì í ṣe àwọn ará wa tí wọ́n wà nínú igbó.

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, lẹ́yìn tí Tápà ti lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, Ìgbòho ni ó di olú-ìlú. Ìtàn sọ pé Aláàfin mẹ́rin ni ó wàjà síbẹ̀, Igbó Ọba tí a sin wọ́n sí sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ni Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀, ẹni tí àwọn àgbà kan sọ pé obìnrin ni. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, kọ ọ́ pé ọba jagunjagun ni, àti pé àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ a máa so ewé gbígbòòrò mọ́ ìrù ẹṣin kí ó lè gbá ipasẹ̀ ogun rẹ́ kúrò lórí ilẹ̀. Ní ọdún 1726, ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ wọ ilẹ̀ Dahomey, wọ́n sì ṣẹ́gun Agaja ọba ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, Dahomey san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ títí di nǹkan bí ọdún 1823. Ẹ sọ fún wa, ẹ̀yin ará: ìtàn ẹlẹ́ṣin wo ni àwọn ará Amẹ́ríkà ní tí ó ju èyí lọ?

Bí àlọ́ ni wọ́n sì fẹ́, ta ni nínú yín ni kò gbọ́ ti ọmọ aláìníyàá tí orogún ìyá rẹ̀ lé lọ sí odò jíjìn nítorí ìgbákọ kan? Ó pàdé arúgbó tí ara rẹ̀ kún fún egbò, kò kórìíra rẹ̀, ó wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí ó mú nínú àwọn igbá tí ó wà lẹ́yìn ilé, ó mú èyí tí ó dákẹ́, ó fi èyí tí ń pariwo sílẹ̀. Ọrọ̀ sì kún ilé rẹ̀. Orogún rán ọmọ tirẹ̀ lọ. Onítọ̀hún yọ ṣùtì sí arúgbó, ó mú igbá aláriwo, ejò àti agbọ́n ni ó sì tú jáde láti inú rẹ̀. Ọmọ ìyá Cinderella ni ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ wọn: nínú ti òyìnbó, ẹwà àti bàtà ni ó gba ọmọ là, nínú tiwa, ìwà ni. Èwo ni ẹ̀yin yóò fi tọ́ ọmọ yín? Àlọ́ ọdẹ tí ó fẹ́ àgbọ̀nrín tí ó di obìnrin náà ńkọ́, tí ó tọ́jú awọ rẹ̀ sí àjà, tí ọtí sì mú un sọ àṣírí? Inú ọ̀dàn wa gan-an ni àlọ́ yẹn ti wá. Òun nìkan tó sinimá mẹ́wàá.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ilé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, fíìmù kan tí ń jẹ́ Aníkúlápó jáde fún gbogbo ayé láti wò. Kúnlé Afọláyan ni ó darí rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo wa mọ̀ sí Adé Love, ni ó ṣe olórí eré nínú Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí ní ọdún 1976, ìtàn ọ̀dọ́ ọdẹ kan tí ó bá olówó jà. Ní Ìgbòjàyè ni ọmọ kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, láàrin Òkè-Ògùn wa níbí. Èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú eré náà, ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni ó sì fi hàn.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó, báyìí ni ìtàn náà rí. Sárọ̀, ahunṣọ òfì kan, rìn dé Ọ̀yọ́ láti wá iṣẹ́. Obìnrin olówó kan gbà á sílé. Lẹ́yìn náà ni òun àti Arọ́lákẹ́ fẹ́ràn ara wọn, ìyẹn olorì tí ó kéré jù lọ, ẹni tí a fi fún ọba láìjẹ́ pé ọkàn rẹ̀ fẹ́, tí àwọn olorì yòókù sì ń fi ojú rẹ̀ rí màbo. Àṣírí tú, wọ́n lu Sárọ̀ pa, wọ́n sì gbé e jù sínú igbó. Ẹyẹ àkàlà, tí ìgbàgbọ́ àtijọ́ sọ pé ó lè jí òkú, bà lé e. Arọ́lákẹ́ ni ó lé ẹyẹ náà, tí ó gba àdó agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì sá lọ sí ìlú mìíràn, Sárọ̀ ń jí òkú, ó ń gba ọrọ̀, títí ìgbéraga fi wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ó fẹ́ ìyàwó lé Arọ́lákẹ́, ó gbàgbé ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ ikú. Nígbà tí àrẹ̀mọ ọba ìlú náà kú, ó ní àfi kí wọ́n fi ọmọbìnrin ọba fún òun. Ṣùgbọ́n Arọ́lákẹ́ ti ba agbára náà jẹ́ kí ó tó fi í sílẹ̀ lọ. Òkú kò jí. Ikú tí ó fi sí àpò ni ó pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ìdí iná alẹ́, ẹ mọ irú àlọ́ yìí. Ohun àrà tí a rí gbà nínú igbó, tí ojúkòkòrò sì gbà padà lọ́wọ́ ẹni: bí Ìjàpá ṣe pàdánù ohun rere rẹ̀ nígbà gbogbo nìyẹn. A mú ìgbàgbọ́ àtijọ́, a fi ìfẹ́ sí i, a gbé e sórí ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi àlọ́ Yúróòpù ṣe lórí ọ̀dàn tiwọn, ọmọ Yorùbá ti fi tiwa ṣe é lórí ọ̀dàn tiwa. Kò sí ẹni tí yóò tún wí pé kò ṣeé ṣe.

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ méjì ni ó dìde láti tàbùkù irú iṣẹ́ báyìí, a óò sì dá àwọn méjèèjì lóhùn.

Ẹgbẹ́ kìíní ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan. Wọ́n ní àlọ́ ọmọdé ni, pé ìtàn gidi yẹ kí ó ní ọdún àti ẹ̀rí, pé ẹyẹ kì í jí òkú. Ó dára. Njẹ́ elégédé ha ń di kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin bí? Wọ́n fi ti Cinderella kọ́ àwọn ọmọ wọn láì bú u. Perrault, ará Faransé, tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní ọdún 1697, ayé sì ń jẹ nínú rẹ̀ títí di òní. Kò sí ẹni tí ó bi í pé, “Níbo ni ẹ̀rí rẹ wà?” Àwọn kan náà tí wọ́n ń fi àlọ́ òyìnbó ṣe ọ̀ṣọ́ sí ẹnu ni wọ́n ń fi tiwa ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a mọ ìyàtọ̀ láàrin ìtàn àti àlọ́. Ti Igbó Ọba Ìgbòho jẹ́ ìtàn. Ti àkàlà jẹ́ àlọ́. Ṣùgbọ́n àlọ́ ni ó ń mú kí ọmọdé fẹ́ béèrè ìtàn. Ọmọ tí ó bá fẹ́ràn Arọ́lákẹ́ lónìí ni yóò béèrè lọ́la pé, “Bàbá, níbo ni Ọ̀yọ́-Ilé wà?”

Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn tí wọ́n ní ìtàn olorì tí ó fẹ́ ọkùnrin lẹ́yìn ọba tàbùkù sí adé. A bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí àwa náà kì í fi ojú di ọba. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè: ìgbà wo ni ẹnu Yorùbá di tí kò lè bá alágbára wí? Nígbà tí Dúró Ládipọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963, ìtàn Aláàfin tí agbára wọ̀ ọ́ lójú tí ìlú sì kọ̀ ọ́ ni ó ṣe, ó sì gbé e dé ìlú Berlin ní ọdún 1964. Ta ni ó wí pé ó tàbùkù sí Ọ̀yọ́? Ní ọdún 1964 kan náà ni Hubert Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà rí ara rẹ̀ nínú dígí, ó sì fi òfin de eré náà. Ọdún 1966 ni a tó tú òfin yẹn ká. Ìjọba náà ti lọ; orúkọ eré náà kò lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa àlọ́ lẹ́nu mọ́, kí ó rántí èyí.

Ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá fẹ́ yẹra fún ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa ẹṣin tiwa náà. Ẹṣin Ọ̀yọ́ kò ru ògo nìkan. Ó ru ẹrú pẹ̀lú. Àwọn kan jẹun lórí ìṣákọ́lẹ̀ àwọn mìíràn. Adébáyọ̀ Fálétí mọ èyí, òun ni ó ṣe jẹ́ pé, nínú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin tí ó jáde ní ọdún 1969, ìjà àwọn tí wọ́n kọ̀ láti máa sìn ni ó gbé ka àgbègbè Òkè-Ògùn, kì í ṣe oríkì àwọn tí wọ́n ń sìnrú fún. Bí a bá sọ ìtàn tí ó yọ omijé tálákà kúrò, ìtàn kọ́bọ́ì ni a sọ, ìbáà ṣe Yorùbá ni a fi sọ ọ́. Omijé Arọ́lákẹ́, ọmọ tálákà tí a kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó fi í fún ọba, ni ó jẹ́ kí eré náà tọ́ sí wa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún nù.

Nígbà tí a ti dá àwọn wọ̀nyí lóhùn, ẹ jẹ́ kí a wá kọjú sí ara wa, nítorí ibẹ̀ ni ìjà gan-an wà.

Ilé iṣẹ́ Netflix ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbé Aníkúlápó jáde, òun náà ni ó sì gbé apá kejì rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024. A kò bá ẹni tí ó ṣe eré jà nítorí èyí. Ó wá ọjà tí ó lè ra ẹrù rẹ̀, ó sì kọ́ ilé sí ibi tí àwa fi sílẹ̀ fún koríko. Ìbéèrè wa ni pé: kí ló dé tí kò fi sí ilé ìtajà kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó lè ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tí ọmọ Ìsẹ́yìn fi gbọ́dọ̀ san owó fún ará Amẹ́ríkà kí ó tó rí ahunṣọ òfì lójú sinimá, nígbà tí ọ̀kọ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú òfì ní ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀, tí ẹtù àti sányán àti àlàárì wà níbẹ̀?

Àgbẹ̀ ni ẹ̀yin, ẹ ó sì yé wa bí a bá fi iṣu ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìyàn tilẹ̀ mú, àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í se ẹ̀bù rẹ̀ jẹ, kì í sì í tà á tán. Àlọ́ ni ẹ̀bù ìran wa. Kò sí ẹni tí ó ni ín, nítorí gbogbo wa ni a ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ohun tí a kò kọ sílẹ̀, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà kọjú sí i ni òfin ayé òde òní yóò gbè lórí ohun tí ó yà. Bí àgbà bá kú láìkọ, ó ti gbé ẹ̀bù lọ sí ọ̀run. Bí àjèjì bá sì kọ ọ́ ṣáájú wa, àwa ni yóò máa ra iṣu lọ́wọ́ ẹni tí ó gbin ẹ̀bù wa.

Ìjọba àpapọ̀ pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́. Ní ọdún 1970, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Ifẹ̀ tí Babs Fáfúnwá ṣe aṣáájú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ó tó àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 2022, kí ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Kò pé, kò jìnnà, ní 2025, wọ́n pa ètò náà rẹ́, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. A fi ọwọ́ kan ṣí ilẹ̀kùn, a fi ìkejì tì í kí ọmọ tó wọlé. Njẹ́ ní èdè wo ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ Ṣakí fi kọ ìtàn Ìgbòho?

Nítorí náà, a kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sí ìbínú. Ohun mẹ́rin ni a ń béèrè.

Èkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, ní ìlú àti abúlé, yan ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjì tí wọ́n mọ Yorùbá kọ dáadáa, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n kọ àlọ́ àti ìtàn ìlú sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó pa á, orúkọ ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó pa á. Kí wọ́n fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé kan yóò wà ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan ní ààfin, ọ̀kan ní ọ́fíìsì ẹ̀ka. Kò ná wa ju owó ìwé àti gègé lọ.

Èkejì, ní ti ilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè ilẹ̀ láti ṣe fíìmù tàbí láti kọ́ ibùdó, ẹ má ṣe lé e, ẹ má sì ṣe ta ilẹ̀ fún un láéláé. Ẹ yá a fún iye ọdún tí ó ní òpin, kí a ka ìwé àdéhùn náà sókè ní Yorùbá níwájú ẹbí àti ìlú kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìka sí i. Ilẹ̀ tí a tà kì í padà sílé. Ilẹ̀ tí a yá a máa mú owó wá ní ọdọọdún.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ahunṣọ, àwọn amọ̀kòkò, àwọn onílù, àwọn ọdẹ àti àwọn tí wọ́n ń sin ẹṣin para pọ̀ ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí iye owó iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀kan. Bí ahunṣọ kan bá dá lọ, olówó yóò dúnàá dúràá títí yóò fi mú aṣọ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọgọ́rùn-ún bá lọ pọ̀, yóò sọ òtítọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe ojúṣe rẹ̀ lórí ọ̀nà, iná àti ilé ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tí ó wà ní Òkè-Ògùn, kí ó má sì dúró de Àbújá kí ó tó fi Yorùbá kọ́ ọmọ Yorùbá. Ọ̀nà tí ó gbé alejò dé Ìgbòjàyè láti wo abúlé fíìmù ni yóò gbé àgbàdo àti ẹ̀gúsí yín dé Ìbàdàn. Ìgbà tí ẹ bá béèrè fún ọ̀kan, ẹ ti béèrè fún èkejì.

Ẹ̀yin ará, òyìnbó kò fi ìbọn gba ẹṣin Ọ̀yọ́ kúrò lọ́kàn ọmọ wa. Àwa ni a kò bọ́ ọ. Ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀, kí alága kọ̀ọ̀kan mú àgbà kan àti ìwé òfo kan wá. Kí àgbà jókòó, kí ọmọ ṣí ìwé, kí a gbọ́ “Ààlọ́ o!” kí gbogbo ilé sì dáhùn “Ààlọ̀!” Nígbà tí a bá tún pe ọmọ ọdún méjìlá yẹn ní ọdún tí ń bọ̀, kí ó sọ ti Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ fún wa, àti ti ewé tí ó wà ní ìrù ẹṣin rẹ̀.